Oògùn oní-bakitéríà fún ẹ̀dọ̀fóró ń bọ̀ lọ́nà: ṣé yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí èéfín ń bá jà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà?

Láti Makoko nílùú Èkó títí dé Cotonou, Lomé àti Tema, iṣẹ́ ẹja yíyan ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń tọ́ ọmọ. Àárọ̀ kùtùkùtù ni iná ti ń jó nínú ààrò, èéfín a sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi sìgá kan ẹnu rí láyé wọn. Síbẹ̀, ẹlòmíràn nínú wọn yóò pé ẹni 50 ọdún tán, ikọ́ tí kì í lọ àti èémí tí kì í délẹ̀ yóò ti di ara ìgbésí ayé rẹ̀.

Irú ẹ̀dọ̀fóró bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń wá oògùn tuntun fún. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Dípò kí wọ́n máa pa kòkòrò nìkan, wọ́n fẹ́ fi kòkòrò tó ń ṣe ara lóore, tàbí ohun tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ń pèsè, ránṣẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kó lọ pẹ̀tù sí ohun tó ń wú níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rún tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní nanoparticle, wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ lò bí ọkọ̀ tí yóò gbé e débẹ̀.

Ìròyìn náà dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí inhaler ní Nàìjíríà láti ọdún 2023 ti fi hàn pé ọ̀tọ̀ ni kí oògùn ṣiṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni kó dé ọwọ́ ẹni tó nílò rẹ̀. Àsìkò tí iṣẹ́ yìí ṣì wà lára eku ni ó yẹ kí agbègbè yìí ti máa béèrè ìbéèrè tirẹ̀.

Ta ló sọ pé kòkòrò ń gbé inú ẹ̀dọ̀fóró?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni pé kò sí kòkòrò kankan nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Nígbà tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ńlá lórí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lára ènìyàn lọ́dún 2007, ẹnu, imú, awọ ara, ìfun àti ojú ara obìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ̀dọ̀fóró kò sí lára rẹ̀.

Lọ́dún 2010, àwọn olùwádìí kan, tí àwọn ti Imperial College ní London wà lára wọn, gbé èsì kan jáde tó mi èrò yẹn. Wọ́n rí bakitéríà nínú ọ̀nà èémí àwọn tí ara wọn dá, wọ́n sì rí i pé irú èyí tó wà nínú ti àwọn tó ní asthma tàbí COPD yàtọ̀. COPD ni àìsàn tó máa ń dí ọ̀nà èémí díẹ̀díẹ̀, tí kì í sì í lọ tán. Èéfín sìgá, èéfín ìdáná àti eruku ibi iṣẹ́ wà lára ohun tó ń fà á.

Lọ́dún 2016 ni Charitharth Vivek Lal, dókítà àwọn ọmọ tuntun ní Yunifásítì Alabama tó wà nílùú Birmingham ní Amẹ́ríkà, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbé èsì mìíràn jáde. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti bí ọmọ ni bakitéríà ti wà nínú ọ̀nà èémí rẹ̀, yálà oṣù ọmọ náà pé tàbí kò pé. Ohun tó gba àfiyèsí jù ni pé àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, tí ẹ̀dọ̀fóró wọn wá bàjẹ́ lẹ́yìn náà, kò ní Lactobacillus tó àwọn yòókù. Lactobacillus ni ẹbí bakitéríà tó ń mú kí wàrà àti ògì kan.

Láti ibẹ̀ ni ìbéèrè ti jáde: bó bá jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró tó ń ṣàìsàn kò ní kòkòrò rere tó, ǹjẹ́ wọ́n lè dá a padà síbẹ̀?

Kí ni wọ́n ṣe ní Birmingham?

Lọ́dún 2024, ikọ̀ náà gbé ìdáhùn wọn jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature Communications. Wọ́n pa oríṣi Lactobacillus mẹ́ta pọ̀, wọ́n sì fi wọ́n ṣe oògùn fífà símú. Wọ́n dán an wò lára sẹ́ẹ̀lì ọ̀nà èémí ènìyàn nínú ilé ìwádìí, wọ́n sì tún dán an wò lára eku tí wọ́n ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́ lọ́nà tó jọ ti àìsàn ènìyàn.

Ohun tí wọ́n fẹ́ dá dúró ni ohun kan tó ń yí bí òbìrí. Nígbà tí èéfín tàbí kòkòrò búburú bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ máa ń rọ́ lọ síbẹ̀ láti jà. Àwọn ohun ìjà tí wọ́n ń tú jáde máa ń gé okùn ara tó so ẹ̀dọ̀fóró pọ̀. Àwọn ègé okùn tó já náà yóò wá di ìpè tó ń pe sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn wá. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ ni wọ́n túbọ̀ ń gé e. Bí ẹni tó mu sìgá bá tilẹ̀ jáwọ́, tàbí tí obìnrin tó ń yan ẹja fi ààrò sílẹ̀, òbìrí náà lè má dúró.

Nínú eku tó fa oògùn náà símú, wíwú inú ẹ̀dọ̀fóró dínkù, ohun ìjà tó ń gé okùn ara náà sì dínkù pẹ̀lú. Èsì tó wúni lórí ni. Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe ènìyàn, ọ̀pọ̀ oògùn tó ṣiṣẹ́ lára eku ni kò ṣiṣẹ́ nígbà tó dé ara ènìyàn. Ohun mìíràn tún wà tó yẹ ní fífi sọ́kàn: Lal wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ tó fẹ́ sọ irú oògùn yìí di títà sílẹ̀. Ìyẹn kò sọ èsì náà di irọ́, àmọ́ ó jẹ́ ìdí kan tó fi yẹ kí àwọn ẹlòmíràn náà dán an wò.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ni iṣẹ́ yìí ti ń lọ. Ní Barcelona, lórílẹ̀-èdè Spéènì, àwọn olùwádìí mú bakitéríà kan tó máa ń fa àìsàn òtútù àyà, wọ́n yọ ohun tó fi ń ṣe ènìyàn ní jàǹbá kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ọmọ ogun tó ń bá kòkòrò Pseudomonas jà. Pseudomonas yìí ni ó máa ń bá àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ amúnimí fínra ní ilé ìwòsàn. Èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2023 fi hàn pé ó ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró eku.

Kí wá ni iṣẹ́ nanoparticle nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe ilé tí ẹnikẹ́ni kàn lè wọ̀. Ó ní ikun tó ń mú ohun àjèjì mọ́ ara, ó ní àwọn irun wẹ́wẹ́ tó ń gbá ohun náà sókè sí ọ̀nà ọ̀fun, ó sì ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ohunkóhun tí wọn kò bá mọ̀ mì. Nínú ẹni tó ní COPD, ikun yẹn tún máa ń nípọn sí i. Ọ̀pọ̀ oògùn ló ń parí sí ọ̀nà ọ̀fun.

Ibi tí ẹ̀rún tíntìntín ti wúlò nìyẹn. Fọ́nrán irun orí kan fẹ̀ tó nǹkan bíi 80,000 nanometre. Ọ̀pọ̀ nanoparticle tí wọ́n ń fi gbé oògùn kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan nanometre lọ, nítorí náà wọ́n lè gba inú ihò tó wà láàárín okùn ikun kọjá, bí ẹja kéékèèké ṣe ń gba ojú àwọ̀n yọ.

Kì í ṣe ohun tuntun pátápátá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára Covid-19 ti Pfizer àti Moderna, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà ní Nàìjíríà àti Gánà, inú ẹ̀rún ọ̀rá irú èyí ni wọ́n di ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ sí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí oògùn apakòkòrò kan, amikacin, tí wọ́n dì sínú ẹ̀rún ọ̀rá kéékèèké kí aláìsàn lè fà á símú. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí ìbátan kòkòrò ikọ́ ife ń fà ni wọ́n fọwọ́ sí i fún.

Ṣùgbọ́n ìṣòro méjì wà. Àkọ́kọ́ ni pé ohun tó bá kéré jù lè bá èémí jáde padà kó tó balẹ̀. Ohun tó sábà máa ń dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró dáadáa ni èyí tó wà láàárín micrometre 1 sí 5, ìyẹn 1,000 sí 5,000 nanometre. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi máa ń kó nanoparticle jọ sínú hóró ìyẹ̀fun tó tóbi díẹ̀, kí hóró náà balẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró kó tó tú ká.

Èkejì ni pé bakitéríà fúnra rẹ̀ tóbi ju nanoparticle lọ. Lactobacillus kan lè gùn ju micrometre 1 lọ. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kó o sínú nanoparticle dà bí ẹni tó fẹ́ ki màlúù bọ inú àgò adìyẹ. Oògùn ti Birmingham pàápàá, bakitéríà alààyè ni ó dá lé, kì í ṣe nanoparticle.

Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ ń gbà so nanoparticle mọ́ iṣẹ́ yìí. Àwọn kan ń fi ẹ̀rún tíntìntín bo ara bakitéríà bí ẹ̀wù, kó má baà kú lójú ọ̀nà. Àwọn kan ń fi bakitéríà sílẹ̀, wọ́n ń kó ohun tó ń pèsè sínú nanoparticle: àwọn èròjà tó ń pẹ̀tù sí wíwú, tàbí àwọn àpò wẹ́wẹ́ tí bakitéríà máa ń jù sílẹ̀ lára. Àwọn ẹ̀kẹta ń lò ó láti gbé oògùn tọ kòkòrò búburú lọ tààrà, kí kòkòrò rere má baà bá a lọ.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ó yẹ kí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fojú sí jù. Ohun alààyè lè kú sínú oòrùn kó tó dé ilé ìwòsàn Maiduguri tàbí Niamey. Ohun tí bakitéríà pèsè, tí wọ́n gbẹ dáadáa tí wọ́n sì dì sínú ìyẹ̀fun, kò ní ẹ̀mí tó lè bọ́.

Ṣé kò léwu?

Ó lè léwu, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni kánjú. Lọ́dún 2023, FDA kìlọ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn nípa àwọn èròjà oní-bakitéríà rere tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, lẹ́yìn tí ọmọ kan tó gba irú rẹ̀ kó àìsàn tó sì kú. Bakitéríà tí kì í ṣe àgbàlagbà ní nǹkankan lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára. Àwọn ọmọ yìí sì wà lára àwọn tí ìwádìí yìí bẹ̀rẹ̀ nítorí wọn.

Fún ìfun, FDA ti fọwọ́ sí oògùn oní-bakitéríà méjì, èkíní ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, èkejì ní oṣù Kẹrin ọdún 2023. Fún ẹ̀dọ̀fóró, iṣẹ́ ṣì kù. Ẹ̀rún tíntìntín náà ní ìbéèrè tirẹ̀: bó bá gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ tán, ibo ni òun fúnra rẹ̀ ń lọ? Ẹ̀dọ̀fóró tó ti kún fún eruku èéfín kò nílò eruku mìíràn.

Kí ló kan Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nínú rẹ̀?

Ó kàn án gidi. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé COPD pa ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 3.5 lọ́dún 2021, òun sì ni ó wà ní ipò kẹrin nínú àwọn ohun tó ń pa ènìyàn jù lágbàáyé. Nínú àwọn tó pa kí wọ́n tó pé ẹni 70 ọdún, nǹkan bí i 90% ló wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀. WHO tún sọ pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.1 ènìyàn ṣì ń fi igi, èédú, kẹrosíìnì àti irú wọn dáná. Kí ẹ fi eruku ọyẹ́, èéfín jẹnẹrétọ̀ àti èéfín pàǹtírí tí wọ́n ń sun kún un. Nàìjíríà tún wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo àwọn tó ń kó ikọ́ ife lágbàáyé, ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíràn kì í sì í padà bọ̀ sípò lẹ́yìn tó bá lo oògùn rẹ̀ tán.

Bẹ́ẹ̀, inú ara àwọn ará agbègbè yìí kọ́ ni ìmọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe oògùn náà ti wá. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2022 fi hàn pé, nínú àwọn àpẹẹrẹ kòkòrò ara ènìyàn tí wọ́n mọ ibi tó ti wá, ó lé ní 70% tó jẹ́ ti Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Kánádà. Oúnjẹ, afẹ́fẹ́ àti oògùn apakòkòrò tí ènìyàn ń lò máa ń yí kòkòrò ara padà. Oògùn tí wọ́n wọ̀n mọ́ ẹ̀dọ̀fóró amusìgá ní Alabama lè má bá ti obìnrin tó fi 30 ọdún yan ẹja ní Makoko mu.

Ẹ̀kọ́ tí inhaler kọ́ni

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ilé iṣẹ́ GSK kéde pé òun yóò dáwọ́ iṣẹ́ òun dúró ní Nàìjíríà lẹ́yìn ohun tó lé ní 50 ọdún. Ilé iṣẹ́ yìí ló ń kó inhaler Ventolin àti Seretide wọlé. Náírà ti já wálẹ̀ lọ́dún yẹn, dọ́là sì wọ́n bí ojú. Kò pẹ́ tí owó inhaler fi fò sókè ní àwọn ilé ìtajà oògùn, àwọn ìgbà kan tilẹ̀ wà tí ẹni tó ní owó lọ́wọ́ kò rí i rà.

Oògùn tó wà nínú Ventolin kì í ṣe tuntun. Láti nǹkan bí ọdún 1969 ni wọ́n ti ń tà á. Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kankan nínú rẹ̀ tí ayé kò tíì mọ̀, síbẹ̀ ó ṣòro láti rí. Bí ohun tó ti pé 50 ọdún bá lè wọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí bakitéríà tí wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú láàyè, tàbí nanoparticle tó nílò ilé iṣẹ́ tí àṣìṣe díẹ̀ lè ba gbogbo ẹrù jẹ́?

Àwọn àgbà ní òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Ohun mẹ́ta ló wà tí agbègbè yìí lè bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí.

Àkọ́kọ́ ni pé kí àwọn ilé ìwòsàn ibí wà nínú àyẹ̀wò oògùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ti ṣe é tán. Kì í ṣe pé agbára rẹ̀ kò sí. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti kópa nínú BOLD, ìwádìí àgbáyé lórí dídí ọ̀nà èémí. Ní Ìbàdàn, àwọn olùwádìí yunifásítì ìlú náà àti ti Chicago pín àwọn aboyún 324 sí ọ̀nà méjì: àwọn kan gba sítóòfù tó ń lo ethanol, àwọn yòókù ń bá igi tàbí kẹrosíìnì wọn lọ. Èsì tó jáde lọ́dún 2017 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru kò bá àwọn tó lo ethanol jà tó àwọn yòókù. Ibi tí wọ́n ti lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè dán oògùn fífà símú wò níbẹ̀.

Èkejì ni ti ooru àti owó. WHO ti ka àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Gánà, àti NAFDAC ní Nàìjíríà, mọ́ àwọn tó dúró sán-ún lẹ́nu iṣẹ́ yìí, Gánà lọ́dún 2020, Nàìjíríà lọ́dún 2022. Àwọn àjọ méjèèjì lè sọ fún ẹni tó bá fẹ́ tà síbí láti ìsinsìnyí pé ìyẹ̀fun tí kò nílò fíríìjì, tí kò sì nílò ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná, ni àwọn fẹ́ rí.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí kò nílò ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì kankan: kí inhaler tó wà tẹ́lẹ̀ wà fún rírà, kí ààrò tó ń tú èéfín díẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dáná. Kò sí bakitéríà rere tó lè borí ẹ̀dọ̀fóró tí èéfín ṣì ń wọ̀ lójoojúmọ́.

Ṣé ògì àti wàrà kò tó?

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, níwọ̀n bí Lactobacillus ti wà nínú ògì, wàrà àti nọ́nọ̀, ṣé mímu wọn kò ní ṣe iṣẹ́ kan náà? Ẹbí kan náà ni lóòótọ́, oúnjẹ rere sì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n inú ìfun ni ohun tí ènìyàn bá mu ń lọ. Ohun tí wọ́n ń dán wò yìí, inú ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n fẹ́ kó dé, ní oríṣi àti ìwọ̀n tí wọ́n mọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa omi ògì tàbí wàrà símú. Ó lè fa àìsàn tó le ju èyí tó ń wò lọ.

Ó sì yẹ kí àwọn ènìyàn ṣọ́ra fún àwọn tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í ta "bakitéríà fún ẹ̀dọ̀fóró" lórí WhatsApp àti Facebook. Ẹni tó bá ní asthma tàbí COPD kò gbọdọ̀ jáwọ́ nínú oògùn tí dókítà fún un nítorí ìròyìn oògùn tí kò tíì dé ọjà.

Iṣẹ́ ti Birmingham àti Barcelona ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí kòkòrò di olùrànlọ́wọ́ fún ẹ̀dọ̀fóró. Bí yóò bá ṣeé ṣe fún obìnrin tó wà nídìí ààrò ní Makoko náà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní yàrá ìpàdé tí wọ́n ti ń pinnu irú ìyẹ̀fun tí wọn yóò ṣe, iye tí wọn yóò tà á, àti àwọn tí wọn yóò kọ́kọ́ dán an wò lára wọn. Títí di ìgbà náà, inhaler tó ń wá ni kó kọ́kọ́ rí rà.